Ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹni ńlá: èwo ni ká kọ́kọ́ kà?

Ìyá Dámi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS1. Láti ìgbà tí olùkọ́ wọn ti dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní kíláàsì ni kò ti jẹ́ kí n sinmi: Ọmọ ta ni bàbá náà? Ta ló mú un lẹ́rú? Ṣé ó tún padà rí ìyá rẹ̀? Ìwé tí wọ́n ń lò níléèwé kò sọ ju pé ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì túmọ̀ Bíbélì. Mo yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé, ìwé bí èèyàn ṣe lè tètè di olówó ni wọ́n ń nà sí mi.

Ìwé tó sọ ìgbésí ayé àwọn èèyàn tó yí nǹkan padà ni mò ń wá, èyí tí yóò sọ rere wọn, tí yóò sì sọ ibi tí wọ́n kù sí. Ọmọ á kà á, èmi náà á kà á. Bí èyí tó wà lédè Yorùbá bá wà níbẹ̀, inú mi á dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ti kà tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ìyá Dámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu Àjàyí fúnra rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní 1837, nígbà tó wà ní Sierra Leone, Àjàyí kọ lẹ́tà sí àlùfáà William Jowett ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní London, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe mú òun ní Òṣoògùn ní 1821. Lẹ́tà náà kò gùn rárá, ọmọ SS1 lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò fo ohun kékeré. Òwúrọ̀ ni, àwọn èèyàn ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó fura, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ogun ti dé. Bàbá rẹ̀ sáré wálé wá kìlọ̀ fún wọn, ó sì padà síbi tí wọ́n ti ń jà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Wọ́n ju okùn sí òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́rùn, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹṣin náà padà, wọ́n sì gba ọmọ wọn. Ẹ fojú inú wo ọmọdé tó ń gbọ́ irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ lórí ara rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ kà á ṣáájú o. Ibì kan wà tó ti sọ pé ẹ̀rù kí wọ́n má ta òun fún àwọn Potogí bà òun débi pé òun fẹ́ fi ọ̀já òun fún ara òun lọ́rùn lóru. Ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò dá kà láìsí àgbà nítòsí.

Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ni kí ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn. Philip Curtin kó irú àkọsílẹ̀ báyìí jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1967, *Africa Remembered*. J. F. Adé Àjàyí ló kọ àlàyé síwájú ti Crowther níbẹ̀. Ìtàn Joseph Wright, ọmọ Ẹ̀gbá, àti ti Osifekunde, ọmọ Ìjẹ̀bú, wà nínú ìwé kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ iléèwé mi ṣe é: ohun tí ẹni náà sọ nípa ara rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohun tí ẹni tó wádìí rẹ̀ sọ. Ohun tí ọ̀kan bá bò, èkejì lè ṣí i.

Ọmọ Lísàbí

Bàbá wa, ẹ ṣeun. Kí n dáhùn èyí tí ọmọ béèrè nípa ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó padà rí i. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon ló gba Àjàyí sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Nígbà tí òun àti àwọn míṣọ́nnárì wá dé Abẹ́òkúta ní 1846, ìyá rẹ̀, Àfàlà, gbọ́ pé ọmọ òun ti dé, ó sì wá a wá. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn kọ́kọ́ ríra, àwọn kàn ń wo ara àwọn ni, pẹ̀lú omijé. Bíi ọdún 25 ni wọ́n ti ya ara wọn. Ní 1848 ni Àfàlà ṣèrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ wá ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ yẹn wà fún ọmọ yẹn dandan.

Nígbà tí a sì ti dé Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n mú obìnrin kan wá. *For Women and the Nation*, tí Cheryl Johnson-Odim àti Nina Mba kọ, tó jáde ní 1997, lórí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìyá Fẹlá, obìnrin tí wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ìwé yìí kò jókòó sí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ó tẹ̀ lé bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ṣe ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà, bí ẹgbẹ́ náà ṣe di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946, àti bí àwọn aláṣẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ìyá yẹn lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìrẹsì yẹn, ẹ ó mọ ìdí tí owó orí fi di ìjà, tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Òun nìkan kọ́ ló jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá tí a kò mọ orúkọ wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé náà kò sì gbàgbé wọn.

Fún ẹni tó fẹ́ Yorùbá, *Aké* tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1981 sọ nípa ìjà yẹn láti ojú ọmọdé tó wà níbẹ̀ tó ń jíṣẹ́ fún àwọn ìyá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àdùkẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwé Yorùbá lẹ béèrè, kí ló dé tẹ́nì kankan ò dárúkọ *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*? Òun la kà fún WAEC nígbà tiwa. Ìkà obìnrin tó ń bẹ́ ẹrú lórí. Ọmọ á kọ́gbọ́n níbẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Òkè Bíọ̀kú

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìwé eré ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ó sì dùn ún kà, mo fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n a ò lè fi í lé ọmọ lọ́wọ́ ká ní ìtàn ìgbésí ayé Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ohun tí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ sílẹ̀ nípa ẹjọ́ rẹ̀ nìyí. Ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fi kàn án: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun káàbọ̀. Ẹ tún un kà. Níbo ni ẹ̀sùn bíbẹ́ ẹrú lórí wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀rọ̀ ìbọn àti ẹ̀tù ni. Obìnrin yìí ló ń kó ohun ìjà àwìn fún àwọn ológun Ìbàdàn, ó sì ti dé ibi tó sọ pé ó tó. Wọ́n yọ ọ́ nípò, ó sì san owó tí wọ́n ní kó san, síbẹ̀ wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n pa á sínú ilé rẹ̀ lóru, ọwọ́ àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n sì gbà pa á.

Mi ò sọ pé aláàánú ẹrú ni. Ẹni tó ní ẹrú tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí gbogbo ẹrú rẹ̀ yóò máa súre fún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ nípa rẹ̀ nínú *Nigerian Women in Historical Perspective*, ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992. Níbẹ̀ ni mo ti rí oníṣòwò ńlá, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú síbi ìrọbí ní 1860, àti olóṣèlú tó kojú ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó ń kò ó lójú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka eré náà, kó sì ka àpilẹ̀kọ yìí tẹ̀ lé e, kó wá sọ èrò tirẹ̀ fún yín lórí oúnjẹ alẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọn olóyè Ìbàdàn lédè Yorùbá, kó wá *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn* tí I. B. Akínyẹlé kọ ní 1911. Yorùbá àtijọ́ ni, àkọtọ́ àtijọ́ ni, ó sì gba sùúrù.

Àdùkẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti gbọ́ o. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nìyẹn rí. Máa wá ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Awẹ́ kà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Johnson fúnra rẹ̀, nítorí ìtàn ìwé yẹn nìkan tó ìwé. Ó parí *The History of the Yorubas* ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì wọmi lọ́wọ́ wọn. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ. Nígbà tó fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì lójú òkun, wọ́n sì wà á gba Amẹ́ríkà lọ. 1921 ni ìwé náà tó jáde, Dókítà náà ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rántí ìyẹn bí ẹ bá ń kà á.

Ọmọ Yorùbá ní Baltimore

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀dọ̀ wa níbí, a kì í sọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá ká má dárúkọ Frederick Douglass àti Harriet Tubman. Ọmọ Maryland ni àwọn méjèèjì, inú oko ẹrú ni wọ́n bí wọn sí.

Ti Douglass, ìwé àkọ́kọ́ tó kọ nípa ara rẹ̀ jáde ní 1845, kò sì nípọn. Ó sọ bí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ABD, bí ọ̀gá ṣe ní kó má kọ́ ọ mọ́, àti bí òun ṣe ń fún àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ní búrẹ́dì kí wọ́n lè kọ́ òun. Àmọ́ kò sọ bó ṣe sá kúrò ní Baltimore ní 1838. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ ni, kí wọ́n má bàa dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó kù, kí wọ́n má sì fìyà jẹ àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tí oko ẹrú ti parí, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1881, ló tó sọ pé aṣọ awakọ̀ òkun lòun wọ̀, ìwé ẹlòmíràn lòun sì mú wọ ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà, bí ẹ bá ka èyí àkọ́kọ́ tán tí ẹ ò rí ibi tó ti sá lọ, ẹ má rò pé ojú ewé kan ti já.

Tubman kò mọ̀wé kọ, ẹlòmíràn ló kọ tirẹ̀. Sarah Bradford, tó kọ nípa rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ní ó padà sí Maryland lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún, ó sì kó 300 èèyàn jáde kúrò nínú oko ẹrú. Títí dòní ni wọ́n ń fi 300 yẹn kọ́ àwọn ọmọ. Kate Clifford Larson yẹ àwọn ìwé ilé ẹjọ́ àti lẹ́tà wò fún *Bound for the Promised Land* tó jáde ní 2004: nǹkan bíi ìgbà mẹ́tàlá, nǹkan bíi 70 èèyàn. Lójú tèmi, 70 yẹn wúwo ju 300 lọ, torí pé a mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn: àwọn arákùnrin rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ tó ti darúgbó, àwọn ará àdúgbò. Ẹni tí Larson fi hàn wá ni obìnrin tó ń padà sílé tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù nítorí àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọmọ UI

Malcolm X, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún 1964 ó wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sì sọ ọ́ ní Ọmọwálé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tí òun àti Alex Haley jọ ṣe, tó jáde ní 1965 lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Ó ní orúkọ yẹn jọ òun lójú gidigidi.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ka Manning Marable, 2011, tó ní Malcolm sọ ìwà jàgídíjàgan ìgbà èwe rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, kí ìyípadà rẹ̀ lè hàn. Àwọn kan bínú sí ìwé yẹn. Ti Les Payne sì wà, *The Dead Are Arising*, 2020: ọdún tó sún mọ́ 30 ló fi ń wá àwọn tó mọ Malcolm kiri láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ó kú kó tó parí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tamara, ló parí rẹ̀ fún un. Ti Haley ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà tó bá dé SS3, kì í ṣe nísinsìnyí.

Alágbàá Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá tí ẹ ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Rufino. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á sí Salvador ní Bahia, wọ́n tún mú un lọ sí Porto Alegre níhà gúúsù Brazil, ibẹ̀ ló ti ra ara rẹ̀ padà. Ẹ wò ó, lẹ́yìn ìyẹn ló gbaṣẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrú. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀, n kò lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n tà, tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ tó ń lọ ra àwọn èèyàn bíi tirẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà, Ermelinda, ní 1841, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ìlú tí wọ́n gbé Àjàyí lọ náà. Àjàyí ti di Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀ ní tirẹ̀. Rufino wá àwọn alùfáà Mùsùlùmí rí ní tirẹ̀, ó kọ́ Kùránì àti èdè Lárúbáwá sí i. Ó padà sí Brazil, ó ń gbé Recife, ó ń ṣe alùfáà. Ní 1853 ọlọ́pàá já wọlé rẹ̀, wọ́n bá ìwé Lárúbáwá níbẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé, torí ẹ̀rù ìdìtẹ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835 ṣì ń bà wọ́n.

Rufino kò kọ ìwé nípa ara rẹ̀. João José Reis, Flávio Gomes àti Marcus Carvalho ni wọ́n kọ ọ́, èyí tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2020, *The Story of Rufino*. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè àwọn ọlọ́pàá, ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ẹrù ọkọ̀ ni wọ́n tò jọ. Bàbá Olùkọ́, èyí ni mo fẹ́ fi kún ìmọ̀ràn yín: ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa kò ní ànfààní láti sọ tiwọn. Àfi kẹ́ni tó mọṣẹ́ rẹ̀ lọ wú u jáde láàárín ìwé àwọn tó mú wọn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ rẹ múná dóko, àbúrò. Mo gbà.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ má gbàgbé Awólọ́wọ̀. *Awo*, 1960. Bó ṣe ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé ní Abẹ́òkúta kó lè rówó iléèwé san lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ní 1920, gbogbo ọmọ ló yẹ kó kà á. Ìwé yẹn parí kó tó dé ẹ̀wọ̀n, *My March Through Prison* tó jáde ní 1985 ló sọ ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì ka *My Odyssey* ti Azikiwe, 1970, tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kò rí ọ̀rọ̀ bákan náà, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ọmọ UI

Mandela náà, kíákíá: ní Robben Island ló ti bẹ̀rẹ̀ *Long Walk to Freedom*, lóru, ní ìkọ̀kọ̀. Kathrada àti Sisulu, tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n, ń kà á, wọ́n ń tọ́ka sí ohun tó yẹ kó tún ṣe. Wọ́n ri èyí tó kọ gan-an mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn wọ́dà sì hú u jáde, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́rin. Mac Maharaj, ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ wọn, ti gbé ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ jáde ní 1976. 1994 ló jáde. Ó gùn, kí ọmọ kọ́kọ́ ka ti ìgbà èwe rẹ̀ ní Qunu.

Ìyá Dámi

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Níbo ni mo ti lè rí lẹ́tà Àjàyí láìná owó tó pọ̀? Àti pé àbúrò Dámi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní wọn ò mú ìwé kankan bá òun.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Lẹ́tà náà wà ní òpin ìwé ìrìn àjò odò Ọya tí Schön àti Crowther gbé jáde ní 1842. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbowó lórí rẹ̀ mọ́, ẹ lè kà á lórí Internet Archive, tàbí kẹ́ ẹ gbà á sórí fóònù. Ti Johnson wà níbẹ̀ náà. Ti Douglass wà lórí Project Gutenberg. Àwọn tuntun ni ẹ máa wá sí láíbírì fún. Kẹ́ ẹ tẹ lẹ́tà náà síta fún un, ojú ewé díẹ̀ ni, kó lè máa fi bírò fàlà sábẹ́ ohun tí kò yé e.

Ará Peckham

Ti ọmọ ọdún mẹ́wàá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. *At Her Majesty's Request*, tí Walter Dean Myers kọ fún àwọn ọmọ ní 1999. Ìtàn Àìná ni, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn. Ogun Dàhòmì pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n mú un lọ. Ní 1850 ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ, òun ló sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, ní Brighton ní 1862. Wọ́n sọ ọmọ wọn obìnrin àkọ́kọ́ ní Victoria, ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì fún un. Ó kú ní Madeira ní 1880. Lẹ́tà àti àwòrán wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ jókòó tì í bó bá ń ka orí àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ogun wà.